Ìgbà Tí Màámi Kọ́ "Although" ní Kinkinau

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó sí ẹ̀yìnkùlé mi ní Ìlọrin, mo ń ṣa ẹ̀wà, nígbà tí ohùn àwọn ọmọdé ta sí mi létí láti ilé kejì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló máa ń kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ lẹ́yìn ilé-ìwé, lábẹ́ igi máńgòrò. Ó ń ka gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan, àwọn ọmọ náà sì ń gbè é bí ẹni ń gbe orin: "Although the road was bad, we got home." Wọ́n kà á ní àkàtúnkà, wọ́n ń fa ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn gùn bí okùn kànga. Ọwọ́ mi dúró nínú ẹ̀wà. Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí lè má gbà mí gbọ́ bí mo bá sọ pé ọ̀rọ̀ Òyìnbó kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe orúkọ nǹkan kan, lè mú kí omi lé róró sójú obìnrin tó ti di ìyá ọlọ́mọ. Ẹ sún mọ́ mi, kí n sọ bó ṣe jẹ́ fún yín.

Kaduna ni wọ́n bí mi sí, ní àdúgbò Kinkinau, nínú agboolé gbàràmù kan tí onílé rẹ̀ jẹ́ Haúsá, tí àwa ayálégbé sì wá láti ibi gbogbo. Yàrá méjì ni tiwa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi dongoyaro ńlá tí ewé rẹ̀ kì í yé bọ́ sínú omi ìfọṣọ. Ilẹ̀kùn wa kọjú sí ti Hàjíyà Làmí, obìnrin Haúsá kan tó ń fi ọwọ́ ran fìlà tà. Nínú ilé, Yorùbá là ń sọ. Bí a bá ti yọ ẹsẹ̀ kan sí ìta báyìí, Haúsá ló kù. Bí a bá dé ilé-ìwé, ó di Gẹ̀ẹ́sì. Mo ti dàgbà díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé ọmọ wà láyé tí kò ní ju èdè kan lọ lẹ́nu, àánú wọn sì ṣe mí.

Àkàrà ni Màámi ń dín lẹ́nu ọ̀nà agboolé láàárọ̀ kùtù. Kosai ni àwọn Haúsá ń pè é, nítorí náà Mai Kosai ni wọ́n ń pe Màámi, àwọn Yorùbá ń pè é ní Ìyá Alákàrà, èmi náà sì di 'Yar Mai Kosai, ọmọ alákàrà. Nígbà ọyẹ́, tí ìkùukùu eruku bá bo gbogbo Kinkinau, tí èèyàn ò rí ẹni tó wà níwájú rẹ̀, òórùn epo gbígbóná yẹn ni àwọn oníbàárà fi ń wá wa rí. Wọ́n á yọ láti inú ìkùukùu, wọ́n á ti fi bùbá bo imú, wọ́n á máa na ọwọ́ sídìí iná.

Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Kudenda. Kẹ̀kẹ́ ló máa ń gùn lọ, a sì máa ń gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́ náà kí a tó rí i nírọ̀lẹ́. Ọdún tí mò ń sọ yìí, nígbà tí mo wà ní kíláàsì karùn-ún, àìsàn dá a dùbúlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, kò sì dìde mọ́. Hàjíyà Làmí ló di Màámi mú lọ́jọ́ náà, ó ń wí ní èdè tirẹ̀ pé, "Allah ya jiƙansa," kí Ọlọ́run ṣàánú rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn lọ, bí ẹnikẹ́ni bá béèrè bàbá mi, ohun tó máa ń wí ni pé, "Kò sí nílé." Bí ó bá ń bá mi sọ̀rọ̀, á ní, "Kí bàbá rẹ tó lọ." Ọ̀rọ̀ tó tọ́ gan-an ò jáde lẹ́nu rẹ̀ rí, èmi náà ò sì mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ fún un.

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí à ń pè ní Bàbá Làbákẹ́ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Akọ̀wé kóòtù ni, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kì í bọ́ àkẹtẹ̀ lórí. Ó jókòó sórí àga bàbá mi, ó ní, "Ìyàwó, kí lo tún ń dúró ṣe ní ìlú onílùú? Palẹ̀ mọ́. Bí ọyẹ́ bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, màá wá kó ìwọ àti ọmọ lọ sílé."

Màámi kúnlẹ̀ dáhùn. "Ẹ ṣeun, Bàbá. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé ọmọ yìí ńkọ́?"

"Ilé-ìwé wà ní Ògbómọ̀ṣọ́."

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkanra. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ló fẹ́ ṣe é. Ṣùgbọ́n nígbà tó lọ tán, mo rí Màámi níbi tó ti fẹ̀yìn ti igi dongoyaro, tó ń wo agboolé náà bí ẹni tí wọ́n ní kó máa ka ewé orí igi. Kaduna lòun náà dàgbà sí. Ògbómọ̀ṣọ́ ò ju ibi tí à ń lọ nígbà ọdún lọ. Bí a bá lọ sí ọ̀hún, ìyẹ̀wù kan nínú ilé ẹlòmíràn ló máa jẹ́ tiwa, ọwọ́ ẹlòmíràn la ó sì máa wò.

Hàjíyà Làmí ló mú ọ̀rọ̀ wá. Ó gbọ́ pé ilé ìwòsàn kékeré kan nítòsí wa ń wá obìnrin tí yóò máa ran àwọn nọ́ọ̀sì lọ́wọ́, iṣẹ́ olówó oṣù. Wọ́n fẹ́ ẹni tó gbọ́ Haúsá àti Yorùbá, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn dókítà fi ń pàṣẹ. Èdè méjì àkọ́kọ́ wà lẹ́nu Màámi wọ́ọ́rọ́wọ́. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ni kò ju tọjà lọ. Kíláàsì kẹrin ló ti kúrò nílé-ìwé.

Ní àsìkò yẹn gan-an ni agùnbánirọ̀ kan dé sí ilé-ìwé wa. Títílayọ̀ lorúkọ rẹ̀, Èkó ló ti wá, kò sì gbọ́ ẹyọ Haúsá kan ju "sannu" lọ. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì kéré débi pé ṣòkòtò kákí tí ìjọba fún un ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn bàtà rẹ̀. Àǹtí Kọ́pà là ń pè é. Ó sọ fún ọ̀gá ilé-ìwé pé òun fẹ́ máa kọ́ àwọn àgbàlagbà àdúgbò ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́fẹ̀ẹ́, lẹ́yìn tí àwa ọmọdé bá ti parí, kí oòrùn tó wọ̀. Màámi fọ ọwọ́ epo, ó wé gèlè, ó mú mi lọ́wọ́, ó di kíláàsì.

Háà! Ẹ ò bá rí ohun tí mo rí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn. Kíláàsì tiwa gan-an ni, bẹ́ǹṣì tiwa, tí a ti fi abẹ gbẹ́ orúkọ wa sí lára, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ló jókòó síbẹ̀. Orúnkún wọn ò gba abẹ́ tábìlì. Bàbá Sálíù, télọ̀ ará Ìlọrin tó ń ránṣọ ní ìkòríta, yí ẹsẹ̀ rẹ̀ síta bí ẹni gun ràkúnmí. Hàjíyà Làmí náà wá, ó ní òun ò lè jẹ́ kí Mai Kosai nìkan lọ. Èmi pẹ̀lú Màámi jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ méjì.

Nígbà tí Àǹtí Kọ́pà wọlé, gbogbo wọn dìde fùú, wọ́n ní, "Good afternoon, Auntie!" bí wọ́n ṣe rí i lọ́dọ̀ àwọn ọmọ wọn. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n kọ́ nílé ni Àǹtí Kọ́pà. Bó ṣe rí irun funfun lórí Bàbá Sálíù, orúnkún rẹ̀ kanlẹ̀. Àwọn àgbà dúró, tíṣà kúnlẹ̀, kò sí ẹni tó mọ ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ yí padà. Bàbá Sálíù ló ní, "Dìde, ọmọ mi. Níbí, ìwọ lọ̀gá." Ó dìde lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà títí tó fi parí, kò sọ fún àgbàlagbà kan rí pé ó ṣì í láì kọ́kọ́ tẹ orúnkún díẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú, kò rí bẹ́ẹ̀ o." Bí ọ̀rọ̀ bá ta kókó fún àwọn Haúsá inú wa, Màámi ni yóò túmọ̀ rẹ̀ fún wọn.

Àǹtí Kọ́pà ní àwa ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni ń ju òkúta: I fry akara. I sell akara. Pepper is costly. Ó ní kò sí èyí tí kò tọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan ò mọ èkejì, àti pé ọ̀rọ̀ asopọ̀ ló ń jẹ́ kí èèyàn lè sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ dé òpin. Ó kọ and, but, because, so sójú pátákó. Nígbà tó dé orí but, ó ní, "Àmọ́ nìyẹn." Màámi yíjú sí Hàjíyà Làmí, ó ní, "Amma." Bàbá Sálíù na ọwọ́ sókè. Ó ní nínú èdè Lárúbáwá tí òun kọ́ ní kékeré, amma kan wà níbẹ̀ náà. Àǹtí Kọ́pà fúnra rẹ̀ dúró pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, ó ń sọ ọ́ lábẹ́ ahọ́n, àmọ́, amma, àmọ́, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti sọnù. Ó dà bíi pé gbogbo ayé ti jókòó níbì kan rí, kí wọ́n tó pín sí ọ̀nà tiwọn, wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan pé nǹkan kan gbọ́dọ̀ wà tí a ó máa fi yí ọ̀rọ̀ padà.

Nígbà tó yá ni although dé. Èmi ò tíì rí ọ̀rọ̀ tó rí bẹ́ẹ̀ rí. Ó gùn, lẹ́tà mẹ́ta ìdí rẹ̀ jókòó lásán, ẹnikẹ́ni ò pè wọ́n. Àǹtí Kọ́pà ní, "Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé, ìtumọ̀ rẹ̀ nìyẹn." Bàbá Sálíù ní ìyẹn ò le, ó sì dìde: "Although rain is falling, but I will go to mosque."

Àǹtí Kọ́pà tẹ orúnkún. "Ẹ jọ̀ọ́ sà. Ẹ yọ but kúrò."

"Kí ló dé? Ṣé òjò ti dá ni?"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Àǹtí Kọ́pà wá ṣàlàyé pé nínú Yorùbá, bí a bá ti ní "bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé," a máa ń retí "ṣùgbọ́n" tàbí "síbẹ̀" níwájú, méjèèjì ló ń fọwọ́ kọ́wọ́ rìn. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan ti tó. Bí although bá ti wọlé, but gbọ́dọ̀ dúró síta. Bí because bá ti wọlé, so gbọ́dọ̀ dúró síta pẹ̀lú.

Bàbá Sálíù jókòó, ó mi orí. "Òyìnbó ahun yìí! Àní ọ̀rọ̀ ẹnu náà, wọ́n ń ṣahun ẹ̀."

Láti ọjọ́ náà, ìdí àkàrà wa di kíláàsì. Màámi á máa yí àkàrà nínú epo, á máa kùn sí ara rẹ̀: "Although the fire is small, the oil is hot." Àwọn ọmọkùnrin Haúsá tó ń dúró de kosai á máa rẹ́rìn-ín, àwọn mìíràn á sì máa gbè é. Èmi náà tí mo pera mi ní ọmọ ilé-ìwé, mo ní, "Màámi, tíṣà tiwa ní kíláàsì karùn-ún máa ń fi but sí i."

Ó fi ṣíbí àkàrà tọ́ka sí mi. "Tíṣà tìrẹ kì í ṣe Àǹtí Kọ́pà."

Ó dùn mí, ṣùgbọ́n ẹnu yà mí. Mo ti rò pé ohun tí èèyàn bá máa mọ̀, ìgbà ọmọdé ló máa ń mọ̀ ọ́n, pé tí èèyàn bá ti di ìyá, ó ti parí nìyẹn, bí àkàrà tó ti jinná. Ẹ wá wo ìyá mi tó ń kọ́ nǹkan lójú mi, tó ń ṣì í, tó ń tún un ṣe, tó ń rẹ́rìn-ín ara rẹ̀, láàárín èéfín, nínú ọdún tí èmi rò pé kò ní rẹ́rìn-ín mọ́.

Unless àti until ló fẹ́ gba ẹ̀mí Hàjíyà Làmí. Nínú Haúsá, sai ni méjèèjì ń jẹ́. Ó ní, "Haba! Sai ni èyí, sai ni ìyẹn, kí ni ìyàtọ̀?" Màámi ló là á fún un lójú ọ̀nà ilé, ní Haúsá, pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó ní until ń dúró de àkókò: mi ò ní jẹun títí ìwọ ó fi dé. Unless ń wo bóyá: mi ò ní jẹun àfi bí ìwọ bá pè mí. Àkọ́kọ́ mọ̀ pé ìwọ ń bọ̀. Èkejì ò mọ̀. Hàjíyà Làmí dúró láàárín ọ̀nà, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "To! Madalla, malama!" Ó pe Màámi ní tíṣà. Mo wo ojú Màámi, ó ń tàn.

Bẹ́ẹ̀ ni ọyẹ́ ń kásẹ̀ nílẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Àǹtí Kọ́pà ní kí kálukú dìde, kí ó fi although sọ ohun kan nípa ayé ara rẹ̀. Ó ní òun ò fẹ́ èyí tó wà nínú ìwé. Bàbá Sálíù ló kọ́kọ́ dìde, ó di ẹ̀gbẹ́ tábìlì mú: "Although I am old, I can put thread inside needle." A pàtẹ́wọ́ fún un. Hàjíyà Làmí dìde, ojú ń tì í: "Although I am Hausa, my sister is Yoruba." Ó sì na ọwọ́ sí Màámi.

Ibi tí a ti ń pàtẹ́wọ́ yẹn ni mo ti rí àkẹtẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá Làbákẹ́ ni, pẹ̀lú báàgì rẹ̀ lọ́wọ́ àti eruku ọ̀nà jíjìn lára aṣọ. Ó ti dé agboolé, kò bá wa, wọ́n sì ti júwe ilé-ìwé fún un. Ó ti wá kó wa. Màámi kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà, kò rí i, ó sì ti ń dìde. Mo fẹ́ fà á láṣọ, ṣùgbọ́n Bàbá Làbákẹ́ fi ìka sẹ́nu sí mi pé kí n dákẹ́.

Màámi tún ìró rẹ̀ ró. Ó wo pátákó, ó sì ní, "Although my husband is dead, but..."

Ó dúró.

Mi ò tíì gbọ́ ọ rí. Nínú èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí à ń sọ, ẹnu rẹ̀ ò tíì gbé ọ̀rọ̀ yẹn lé bàbá mi lórí rí. Ojú gbogbo wa lọ sára Àǹtí Kọ́pà, a ń dúró kí ó tẹ orúnkún, kí ó ní kí wọ́n yọ but kúrò. Kò tẹ̀ ẹ́. Ó gbé ṣọ́ọ̀kì kalẹ̀, ó sì dúró.

Màámi mí kanlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. "Although my husband is dead, I am here." Lẹ́yìn náà, bí ẹni pé gbólóhùn náà ò tíì kún, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí. "I and my child are here."

Èmi tí mo ti ń retí but yẹn pẹ̀lú gbogbo Yorùbá tó wà nínú ara mi, n kò rí i. Bí òkúta tí èèyàn ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ láàárín odò ni but yẹn, ìyá mi ò sì tẹ òkúta kankan. Láti inú ikú, ó gbé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, ó sì dé ibi tí a wà. Bàbá Sálíù ló rọra sọ ọ́ bí ẹni wà níbi mímọ́: "Allahu Akbar."

Nígbà tí mo wo ẹnu ọ̀nà, Bàbá Làbákẹ́ ti bọ́ àkẹtẹ̀ lórí.

Èmi ni mo bá a gbé báàgì délé. Ó kí Hàjíyà Làmí, ó wọlé, kò sì jókòó sórí àga bàbá mi mọ́, àpótí ìdáná ló jókòó lé. Ó ní, "Ìyàwó, ta ló kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì?"

"Ọmọ kékeré tẹ́ ẹ rí yẹn ni, Bàbá."

Ó ń yí àkẹtẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́. "Èmi náà ò tíì sọ ọ́ o. Láti ọjọ́ tí a ti sin ín, 'ọ̀rọ̀ Kaduna yẹn' ni mò ń pè é. Bí àwọn ará ilé bá béèrè, màá ní, 'Nípa ọ̀rọ̀ Kaduna yẹn.' Àbúrò mi kú. Àbúrò mi kan ṣoṣo kú." Ó sì bú sẹ́kún. Mi ò tíì rí àgbàlagbà ọkùnrin tó sunkún rí. Màámi lọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun náà sì sunkún, ẹkún tí kò tíì sun láti ìgbà òjò.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tó ti jẹ àkàrà tó sì mu kókó gbígbóná, tí Màámi sì ti sọ fún un pé iṣẹ́ ilé ìwòsàn náà ṣì wà nílẹ̀, ó ní, "Lọ wá iṣẹ́ náà. Bó bá bọ́ sí i, ẹ dúró. Bí kò bá bọ́ sí i, ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ ò dí." Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ.

Ọjọ́ tí a lọ sí ilé ìwòsàn náà, Màámi wọ bùbá tí Bàbá Sálíù tún rán fún un. Mátírọ́ọ̀nù tó gbà á jẹ́ obìnrin sísanra kan láti apá gúúsù Kaduna, ojú rẹ̀ le, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ tutù. Mo dúró lójú fèrèsé, mo ń gbọ́ wọn. Ó bi Màámi ní ìbéèrè díẹ̀, Màámi dáhùn. Ó ṣi gbólóhùn kan, ó tún un ṣe, ó ṣi òmíràn, kò sì mọ̀ pé òun ṣì í. Mo di irin fèrèsé mú.

Mátírọ́ọ̀nù wá tọ́ka sí ìyá ọlọ́mọ kan lórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, obìnrin Haúsá tó gbé ọmọ aláìsàn sí itan. Ó ní kí Màámi sọ fún un ní Haúsá: "Do not give him water until the doctor comes. After that, do not give him milk unless he asks for it."

Mo di ojú. Sai méjèèjì ti dé. Bí Màámi bá fi ọ̀kan rọ́pò èkejì, ọmọ lè gba ohun tí kò yẹ kó gbà. Màámi ò yára. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi bá ti obìnrin náà dọ́gba. Ó ní kò gbọdọ̀ fún ọmọ lómi sai dókítà dé, dókítà sì ń bọ̀, kó fara balẹ̀. Ní ti wàrà, sai in, àfi bí ọmọ fúnra rẹ̀ bá tọrọ, bí kò bá tọrọ, kó má fún un. Ó ní kí obìnrin náà tún un sọ fún òun. Obìnrin náà tún un sọ, kò sì pa ọ̀kan jẹ.

Mátírọ́ọ̀nù mi orí. "Come on Monday."

Màámi dìde dúró, ó gbàgbé láti dúpẹ́. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Until when, ma?"

Mátírọ́ọ̀nù rẹ́rìn-ín tí ara rẹ̀ gbogbo fi ń mì. "Until you are tired."

Ọdún agùnbánirọ̀ ò gùn. Nígbà tí ti Àǹtí Kọ́pà pé, gbogbo kíláàsì àgbà sìn ín dé garáàjì ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Television. Ariwo awakọ̀ pọ̀ níbẹ̀, àwọn ọlọ́jà ń gba àárín wa kọjá. Bàbá Sálíù fún un ní aṣọ tó rán láì wọn ara rẹ̀ rí, ojú ló fi wọ̀n ọ́n. Àǹtí Kọ́pà fi lé èjìká níbẹ̀, ó sì bá a mu. Ó kúnlẹ̀ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lórí ilẹ̀ eléruku yẹn, ó ń sunkún bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú, títí awakọ̀ fi fẹ̀hónú hàn. Ọkọ̀ gbéra. A ò tún rí i mọ́. Kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún lọ nígbà náà. Ọmọbìnrin mi àgbà ti jù bẹ́ẹ̀ lọ báyìí, bí mo bá sì wò ó níbi tó ti ń wá ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ kiri ilé láàárọ̀, n kì í lè gbà pé irú ọwọ́ kékeré bẹ́ẹ̀ ló gbé odindi ìdílé kan dúró.

Kaduna rí ohun tójú ò fẹ́ rí lẹ́yìn ìgbà yẹn, nígbà tí ìjà ẹ̀sìn bẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan kó kọjá odò síhìn-ín, àwọn kan kó kọjá sọ́hùn-ún, àwa náà kó. Wọ́n ti gé igi dongoyaro náà, ilé alájà pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù ló wà ní ojú agboolé wa. Bàbá Sálíù darí sílé, Ìlọrin yìí ló kú sí, mo sì máa ń kí àwọn ọmọ rẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń bí ní Kaduna báyìí, bí a bá bá wọn sọ Yorùbá, Haúsá tàbí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń dáni lóhùn, kí wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Hàjíyà Làmí ṣì wà láyé, ní Kinkinau, ó sì ń fi fóònù pe Màámi ní ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, Màámi náà ń pè é ní ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun. Màámi ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn náà títí tó fi fẹ̀yìn tì. Mi ò mọ iye àwọn ìyá ọlọ́mọ tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú wọn.

Èmi náà ti kàwé. Mo ti jókòó níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ lẹ́nu àwọn tó mọ̀ ọ́n sọ. Síbẹ̀, ìyanu tó mú mi lọ́sàn-án yẹn, nígbà tí mo gbé ojú sókè láti orí bẹ́ǹṣì wo ìyá mi, kò tún mú mi bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọmọdé ni mí, mo rò pé àwa ọmọdé nìkan ló ń dàgbà. Ọjọ́ náà ni mo fi ojú mi rí àgbàlagbà tó ń dàgbà.